Bí a ṣe ń tọpa ẹni tó ni mẹ́dàálì ogun, láti ara ìtàn ọkùnrin tó kó bàálù wọ Kano ní 1925

Àwọn tó ń mú mẹ́dàálì ogun wá bá mi, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sábà máa ń bi mí: èló ló máa tà? Ẹlòmíì á ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó o títí tó fi ń dán gbinrin kó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó ná, ká kọ́kọ́ mọ ta ló ni ín. Tí a bá ya mẹ́dàálì kúrò lára ẹni tí wọ́n fún, ó di irin lásán tí alágbẹ̀dẹ fàdákà máa fi òṣùwọ̀n wọ̀n.

Bí ẹ ṣe máa mọ ẹni náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Mo máa mú ọkùnrin kan dání gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, kí ẹ lè rí bí iṣẹ́ náà ṣe ń rí. Arthur Coningham lorúkọ rẹ̀. Brisbane ní Ọsirélíà ni wọ́n bí i sí ní 1895, àmọ́ New Zealand ló ti dàgbà. Ó bá àwọn ọmọ ogun New Zealand lọ gba erékùṣù Samoa lọ́wọ́ Jámánì ní 1914, ó tún bá wọn dé Íjíbítì. Táífọ́ọ̀dù dá a dùbúlẹ̀, nígbà tó sì di 1916 wọ́n ní ara rẹ̀ kò gba iṣẹ́ ogun mọ́, kó máa lọ. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló forí lé, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú níbẹ̀. Kí ogun tó parí ní 1918, ó ti gba àwọn àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tí wọ́n ń pè ní DSO, MC àti DFC. Nígbà tó di 1925, òun ló ṣíwájú bàálù ológun mẹ́ta láti Íjíbítì wá sí Kano, wọ́n sì tún fún un ní àmì ẹ̀yẹ alágbélébùú kan sí i, tó ń jẹ́ AFC, nítorí ìrìn àjò yẹn.

Ìdí tí mo fi yàn án ni pé ara rẹ̀ la ti rí ohun tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù nínú iṣẹ́ yìí: àwọn mẹ́dàálì rẹ̀ tó níyì jù ni kò ní orúkọ rẹ̀ lára.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ má fọ̀ ọ́

Mo ti ṣe é rí, ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mẹ́dàálì fàdákà kan tó ti dúdú bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́, inú mi sì dùn bó ṣe ń kọ yẹ̀rì. Ìgbà tí mo wá fẹ́ ka orúkọ tó wà létí rẹ̀ ni mo rí i pé lẹ́tà méjì nínú orúkọ bàbá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Bàbá fúnra rẹ̀ náà ti bó o ní ayé rẹ̀, bí gbogbo ṣọ́jà ṣe máa ń bó idẹ ara aṣọ wọn kí ọ̀gá má bàa bínú. Èmi ni mo wá parí ìyókù.

Nítorí náà, kò sí Brasso, kò sí eérú, kò sí ọsàn, kò sí ọṣẹ. Aṣọ rírọ̀ tó gbẹ ti tó láti nu eruku. Àwọ̀ dúdú ara fàdákà kì í jẹ fàdákà lára. Ìfọ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ẹ má sì tú rìbọ́nnì rẹ̀, bó ti wù kó dọ̀tí tó. Bí wọ́n ṣe tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn lórí irin ìfisáyà jẹ́ ẹ̀rí kan fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò. Iwájú, ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà ẹ gbé e nàró kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ ya etí rẹ̀ yíká. Mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú fọ́tò etí ló máa ń kárí. Ẹ má jẹ́ kí iná wá láti òkè. Ẹgbẹ́ ni kí ẹ ti tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí òjìji lè wọ inú lẹ́tà. Fóònù tí gbogbo wa ń lò tó fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ tún àpótí yẹ̀ wò. Páálí tí wọ́n fi dì í, ìwé pẹlẹbẹ tó wà nínú páálí, ìwé ìfẹ̀yìntì, lẹ́tà, fọ́tò tí ikán ti jẹ lápá kan, ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀, ẹ má yà wọ́n kúrò lára mẹ́dàálì. Mo máa padà sí ọ̀rọ̀ páálí yẹn.

Irú èwo ló wà lọ́wọ́ yín?

Fún ogun 1914 sí 1918, mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìràwọ̀ idẹ tó ní idà méjì tó dábùú ara wọn. Bí wọ́n bá kọ "1914-15" sí àárín rẹ̀, ẹni tó ni ín ti wà lójú ogun kí 1915 tó parí. Bí ó bá jẹ́ "1914" nìkan, tàbí "AUG. NOV. 1914", ilẹ̀ Faransé tàbí Bẹ́ljíọ̀mù ló ti jà ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ ogun náà, èyí sì ṣọ̀wọ́n gan-an nílẹ̀ wa. Ogun Tógò àti ti Kámẹ́rúùnù, 1914-15 ni tiwọn. Samoa náà wà lábẹ́ èyí, nítorí náà Coningham yẹ fún un.

Èkejì ni British War Medal, fàdákà róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 36. Orí Ọba George Karùn-ún wà níwájú. Lẹ́yìn, ọkùnrin kan wà ní ìhòòhò lórí ẹṣin, ẹṣin náà ń tẹ asà tó ní ẹyẹ idì mọ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n fi fàdákà ṣe ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ, àmọ́ nígbà tí owó fàdákà fò sókè ní 1979 àti 1980, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni wọ́n yọ́. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

Ẹ̀kẹta ni Victory Medal, idẹ tó pupa rẹ́súrẹ́sú bíi wúrà, tó ní áńgẹ́lì obìnrin oníyẹ̀ẹ́ níwájú àti rìbọ́nnì aláwọ̀ òṣùmàrè méjì tó kọjú síra.

Àwọn àgbélébùú ìgboyà yàtọ̀ sí wọ̀nyí. Nígbà yẹn, DSO jẹ́ ti ọ̀gá ogun tó ṣe gudugudu níwájú ọ̀tá, MC náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, RAF, sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 1918, ó di dandan kí wọ́n ní tiwọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni wọ́n ṣe DFC àti AFC, ti fàdákà ni méjèèjì. DFC wà fún ohun tí ènìyàn bá ṣe lójú òfurufú níwájú ọ̀tá. AFC wà fún ìgboyà tàbí ìfọkànsìn lójú òfurufú níbi tí kò ti sí ọ̀tá kankan. Ẹ máa fi rìbọ́nnì dá wọn mọ̀: àwọn ilà tín-ín-rín tó dagun ni méjèèjì ní, funfun pẹ̀lú elésè àlùkò fún DFC, funfun pẹ̀lú pupa fún AFC. Tí ẹ bá rí èyí tí ilà rẹ̀ dùbúlẹ̀ gbọọrọ tí kò dagun, ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ní 1919 ni wọ́n ti yí i padà.

Etí ni kí ẹ wò

Ibí ni iṣẹ́ wà gan-an. British War Medal àti Victory Medal, wọ́n tẹ orúkọ ẹni tó ni wọ́n sí etí wọn. Ìràwọ̀ ní tirẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ́jú ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Nọ́ńbà ṣọ́jà ló máa ń ṣíwájú, lẹ́yìn náà ipò rẹ̀ ní gígé kúrú, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá, àti ẹgbẹ́ ogun tó wà. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ ṣe rí i, pẹ̀lú àmì ìdánudúró rẹ̀. Ẹ má tún àṣìkọ ṣe. Bí wọ́n bá kọ "ADEYAMI", ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí akọ̀wé ogun ṣe kọ ọ́ sí etí ló ṣe kọ ọ́ sínú ìwé, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa wá a.

Tó bá jẹ́ ti ọ̀gá ogun orí ilẹ̀, kò ní ní nọ́ńbà, wọn kò sì ní kọ orúkọ ẹgbẹ́ ogun rẹ̀ sí etí British War Medal àti Victory Medal. Ipò àti orúkọ nìkan ni. Ìràwọ̀ rẹ̀ ló máa sọ ẹgbẹ́ tó wà fún yín. Ẹ rí i báyìí pé idẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú kéré yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ jù. Tí ìràwọ̀ Coningham bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ láìsí nǹkan mìíràn, New Zealand ló máa júwe fún yín, kò sì ní rán yín sí RAF rárá, nítorí pé ohun tó jẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ wọ ojú ogun ni ìràwọ̀ ń sọ. Ẹni tó bá wá ń wá awakọ̀ òfurufú á máa rò pé òun gbé ti ẹlòmíràn.

AFC rẹ̀ ńkọ́? Òfìfo. Ìjọba kì í kọ orúkọ sára DSO, MC, DFC àti AFC ìgbà yẹn. Ìgbà ogun Hítílà ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí fín ọdún sí ẹ̀yìn DFC àti AFC, ọdún nìkan náà sì ni. Bí ẹ bá rí orúkọ lára irú àgbélébùú bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ogun àkọ́kọ́, ẹni tó ni ín ló gbé e lọ bá oníṣẹ́ ọwọ́, tàbí ẹni tó fẹ́ tà á fún yín. Méjèèjì ló ṣeé ṣe.

Ti àwọn bàbá tiwa nínú WAFF, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, nílò àlàyé lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni orúkọ tó wà létí mẹ́dàálì wọn kì í ṣe orúkọ tí ilé mọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń gbani síṣẹ́ ṣọ́jà, akọ̀wé á bi ọ́ ní orúkọ, á bi ọ́ níbi tó o ti wá, á sì so méjèèjì pọ̀. Ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú Nigeria Regiment nígbà ogun Kámẹ́rúùnù àti ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà ni Belo Akure, tó gba DCM, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tí ẹ̀dà tirẹ̀ wà fún WAFF. Akúrẹ́ inú orúkọ yẹn, ìlú ni. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa rí Ìbàdàn, Ìlọrin, Ọ̀yọ́ níbi tó yẹ kí orúkọ bàbá wà. Orúkọ Haúsá sì wọ́pọ̀ láàárín ọmọ Yorùbá tó wà nínú iṣẹ́ ogun ìgbà yẹn, nítorí pé èdè Haúsá ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn ní bárékè. Torí náà, kí ẹ tó sọ pé "mẹ́dàálì yìí kì í ṣe ti ìdílé wa," ẹ bi àwọn àgbà ilé bóyá bàbá ní orúkọ ṣọ́jà. Ẹ tún bi wọ́n ní oríkì rẹ̀. Mo ti rí ibi tí inú oríkì nìkan ni orúkọ ogun wà.

Ìwé wà níbi tí etí bá tọ́ka sí

Kí ẹ má kàn wọ íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ máa tẹ orúkọ lásán. Ẹgbẹ́ ogun ló ń sọ ilé ìwé tí ẹ máa kàn.

Tó bá jẹ́ New Zealand, ilé àkójọ ìwé ìjọba wọn, Archives New Zealand, ti gbé fáìlì àwọn ọmọ ogun àkọ́kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Auckland Museum náà ní ojú ewé tí wọ́n ń pè ní Online Cenotaph, níbi tí ẹni kọ̀ọ̀kan ti ní ojú ewé tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Coningham: ọjọ́ tó wọṣẹ́, ọkọ̀ ojú omi tó wọ̀, àìsàn rẹ̀, ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Fáìlì ṣọ́jà máa ń sọ nǹkan tí kò sẹ́ni tó rántí sọ nílé. Gíga rẹ̀, àwọ̀ ojú rẹ̀, eyín tó ti ká, ẹni tó ní kí wọ́n fún ní owó òun.

Tó bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, National Archives tó wà ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà yìí sílẹ̀: WO 372 ni káàdì mẹ́dàálì àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, WO 329 ni ìwé ńlá tí wọ́n to orúkọ àwọn tó gba mẹ́dàálì sí, AIR 76 ni àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀gá RAF ogun àkọ́kọ́, AIR 79 ni ti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Ẹ lè wá orúkọ láìsan kọ́bọ̀. Ẹ rántí pé kí RAF tó wà, abẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ ni ẹgbẹ́ òfurufú tí wọ́n ń pè ní RFC wà, nítorí náà awakọ̀ òfurufú kan lè ní káàdì nínú WO 372 kó tún ní ìwé nínú AIR 76. Ẹ wo méjèèjì.

Fún àgbélébùú tí kò ní orúkọ, ìwé ìròyìn ìjọba tó ń jẹ́ London Gazette ni ọ̀nà àbáyọ. Gbogbo DSO, MC, DFC àti AFC ni wọ́n ń kéde nínú rẹ̀, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ ló ka àwọn ojú ewé àtijọ́ yẹn sínú kọ̀ǹpútà, kì í sì í ríran dáadáa. Bí orúkọ kò bá jáde, ẹ fi déètì wá a: ẹ mú oṣù tí ẹ fura sí, kí ẹ máa fojú ara yín ka àwọn àfikún ológun. Fún AFC tó tẹ̀yìn ìrìn àjò Kano wá, ìparí 1925 lọ sókè ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.

Nílé níbí, National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni kí ẹ kàn. Fáìlì ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ìjọba amúnisìn wà níbẹ̀, nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní CSO 26. Ẹ má retí fáìlì ṣọ́jà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà nípa owó ìfẹ̀yìntì, ẹ̀bẹ̀ àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì, àti ètò ìgbanisíṣẹ́ ni irú ohun tó yẹ kí ẹ wá. Ẹ mú pẹ́ńsù dání, ẹ mú sùúrù dání, kí ẹ sì kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dáadáa. Àwọn ló mọ ibi tí nǹkan wà.

Orúkọ jọ orúkọ

Arthur Coningham méjì ló wà. Bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Arthur Coningham náà, ó sì gbajúmọ̀ kí ọmọ tó gbajúmọ̀: ó gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún Ọsirélíà ní 1894, ó sì tún wọ ẹjọ́ ìtìjú kan ní Sydney ní 1900, kí ìdílé náà tó kó lọ sí New Zealand. Bí ẹ bá tẹ orúkọ yẹn sínú ìwé ìròyìn àtijọ́, bàbá ló máa kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù àti kóòtù.

Èkejì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í pè é ní Arthur. "Mary" ni wọ́n ń pè é. Láti ara "Maori," ẹ̀yà onílẹ̀ New Zealand, ni ìnagijẹ náà ti yí padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ fojú inú wo ẹni tó bá rí lẹ́tà ológun kan tó ń kí "Mary" tó sì rò pé ìyàwó ẹnìkan ni.

Èyí tó tún burú jù ni Cunningham. Ní ìparí 1941, nígbà tí ogun aṣálẹ̀ Líbíà gbóná, ẹni tó ń darí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni Alan Cunningham, ẹni tó ń darí ọkọ̀ ogun ojú omi ní Mẹditaréníà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Andrew Cunningham, ẹni tó sì ń darí bàálù ni Coningham tiwa yìí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lójú ogun kan náà, lọ́dún kan náà. Ẹ máa ṣọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń wá Adéyẹmí tàbí Bello ni pé orúkọ nìkan kò tó rí. Kí ohun mẹ́ta ó kéré tán bára mu: nọ́ńbà, ẹgbẹ́ ogun, àti ibi tàbí ọdún. Méjì lè ṣèèṣì bára mu. Mẹ́ta kì í sábà ṣèèṣì.

Ẹ tún ṣọ́ déètì. Ẹlòmíì á lọ sí ojú ewé Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àwọn ọmọ ogun, láti wá ẹni tó kú, kò ní rí i, á wá sọ pé irọ́ ni ìtàn náà. Àjọ yẹn ní ọjọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó ń parí: fún ogun kejì, 3 oṣù Kẹsàn-án 1939 sí 31 oṣù Kejìlá 1947. Bàálù Star Tiger tí Coningham wọ̀ pòórá lórí òkun Àtìláńtíìkì nígbà tó ń lọ sí Bermuda ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní 1948, pẹ̀lú ènìyàn 31. A kò rí òkú ẹnì kankan. Yàtọ̀ sí pé ó ti fẹ̀yìn tì, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ló fi kọjá ìlà wọn.

Ẹ fi mẹ́dàálì wé ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀

Nígbà tí ìwé bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ to mẹ́dàálì sórí tábìlì, kí ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan: ibo lo ti wá? Ìràwọ̀ Coningham wá láti Samoa. DSO àti MC wá láti 1917 ní ilẹ̀ Faransé, nígbà tó wà ní ẹgbẹ́ bàálù ogun 32. DFC wá láti 1918, nígbà tó ń darí ẹgbẹ́ 92. AFC wá láti Kano.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ti Kano, torí pé ilẹ̀ wa ló ti ṣẹlẹ̀. Bàálù mẹ́ta ni, DH.9A, tí ènìyàn méjì ń jókòó sínú rẹ̀ láìsí òrùlé lórí wọn, ẹ́ńjìnnì Liberty kan ṣoṣo ló sì ń fà á. Ní ìparí oṣù Kẹwàá 1925 ni wọ́n gbéra ní Helwan lẹ́bàá Kairo. Wọ́n tẹ̀lé odò Náílì dé Khartoum, wọ́n yà sí ìwọ̀ oòrùn gba Darfur kọjá, wọ́n wọ ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso dé Fort Lamy tí à ń pè ní N'Djamena lónìí, wọ́n kọjá sí Maiduguri, wọ́n sì balẹ̀ sí Kano ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ìtàn bàálù ní Nàìjíríà ń ka ọjọ́ yẹn sí ìbẹ̀rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti padà dé Kairo.

Kò sí ọ̀tá lójú ọ̀nà. Ohun tó wà ni iyanrìn, ooru, àti máìlì lórí máìlì níbi tí ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ kú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ AFC tí kì í ṣe DFC. Rìbọ́nnì pupa yẹn, tí ẹ bá mọ̀ ọ́n kà, ó ń sọ fún yín pé lásìkò àlàáfíà ni, ó sì léwu síbẹ̀.

Ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fi hàn ni pé bàálù ológun lè ti Íjíbítì dé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ọdún 15 lẹ́yìn náà, ọ̀nà yẹn kan náà ni wọ́n gbà padà: wọ́n ń kó bàálù nínú páálí ńlá wá sí Takoradi ní Gold Coast, wọ́n ń tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń fò wọ́n gba Èkó, Kano, Maiduguri, Fort Lamy, El Fasher àti Khartoum dé Kairo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Láti 1941, ẹni tó ń lo bàálù wọ̀nyẹn jagun nínú aṣálẹ̀ ni Coningham.

Tó bá jẹ́ ti ogun Hítílà

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń kà á, ibí lẹ wà. Bàbá yín lọ Bọ́mà pẹ̀lú division 81 tàbí 82, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ìràwọ̀ idẹ kan sì wà nílé. Ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ẹ yẹ etí wò, kò sí nǹkan kan. Kì í ṣe ayédèrú. Gẹ̀ẹ́sì kò kọ orúkọ sára ìràwọ̀ ogun kejì fún ọmọ ogun tirẹ̀ tàbí ti àwọn ilẹ̀ bíi tiwa. Ti Ọsirélíà, Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n kọ orúkọ sí.

Nítorí náà, páálí ni orúkọ. Ìwé pẹlẹbẹ inú rẹ̀, ìwé ìfẹ̀yìntì tó ní nọ́ńbà àti ẹgbẹ́ ogun, fọ́tò tó fi wọṣọ ṣọ́jà: àwọn wọ̀nyí ló so irin yẹn mọ́ bàbá yín. Ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ lè sọ ibi tó lọ, tí rìbọ́nnì bá ṣì wà. Burma Star jẹ́ aró dúdú tó ní pupa gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín àti ilà àwọ̀ ọsàn tẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Africa Star jẹ́ àwọ̀ iyanrìn tó ní ilà pupa láàárín, ẹni tó sì lọ jà ní Sòmálíà àti Ẹtiópíà ní 1940 àti 1941 lè ní in.

Bí ẹ bá rí DFC, ẹ má yára sọ pé ti òyìnbó ni. Akin Shenbanjo, ọmọ Nàìjíríà tó bá ẹgbẹ́ 76 ti RAF ju bọ́ǹbù nínú bàálù Halifax, gba DFC. Kí ó tó di pé ó gbà á, ọmọ Èkó kan, Peter Adeniyi Thomas, ti di ọ̀gá awakọ̀ òfurufú nínú RAF ní 1942, ọmọ adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn. Jàǹbá bàálù ló pa á ní 1945. Àbúrò Stella Thomas ni, obìnrin tó kọ́kọ́ di adájọ́ májísíréètì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Ilé iṣẹ́ ààbò Gẹ̀ẹ́sì kò tún ń fúnni ní mẹ́dàálì ogun àkọ́kọ́ mọ́. Ti ogun kejì tí ẹni tó ni ín kò gbà rí, mọ̀lẹ́bí tó sún mọ́ ọn jù lè béèrè, àmọ́ wọ́n á fẹ́ rí ẹ̀rí iṣẹ́ ogun àti ẹ̀rí ìbátan. Ẹ tún padà sídìí páálí nìyẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ rà, tí ẹ bá fẹ́ tà, tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú

Ìwà jìbìtì tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n ha orúkọ ṣọ́jà kan kúrò létí, kí wọ́n tẹ orúkọ ẹni tó gbajúmọ̀ sí i. Ẹ wọn ín. Bí British War Medal kò bá pé mìlímítà 36, tàbí tí etí rẹ̀ tẹ́ lápá kan tó sì yípo lápá kejì, ẹ dá a padà fún ẹni tó gbé e wá. Lẹ́tà ìjọba tẹ̀ wọlé dọ́gba. Lẹ́tà oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń rìn bí ẹni tó mutí. Fún àgbélébùú tí kò ní orúkọ, ẹ má fi owó gidi sílẹ̀ nítorí ìtàn tí olùtajà ń sọ. Ìwé tó bá a wá láti ilé ẹni tó ni ín ni ẹ ń sanwó fún.

Bí ẹ bá ń tọ́jú rẹ̀, ibi tó gbẹ, nínú bébà funfun rírọ̀, kì í ṣe nínú ọ̀rá rọ́bà tó máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan lára. Àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, tó ń fa omi, ẹ fi sí i, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní àsìkò òjò. Ikán fẹ́ràn rìbọ́nnì. Kí ẹ wá kọ bébà kan, kí ẹ fi sínú àpótí náà: orúkọ tí ilé mọ̀, orúkọ tó wà létí, nọ́ńbà, fáìlì tí ẹ rí àti nọ́ńbà fáìlì náà, ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, tádàwà bíírò máa ń ṣí.